Àmísínú àpòpọ̀ ni, kì í ṣe ìfàsímú àdàlù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. A ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí òyìnbó ń pè ní “combination inhaler”. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ike kékeré tí ẹni tó ní ásímà (ikọ́ sémìísémìí) tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń fi sẹ́nu, èyí tí oògùn méjì wà nínú rẹ̀: “ìfàsímú àdàlù”, “ìfàsímú aláwẹ́ méjì” àti “aṣínà”. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Ohun tí a bá pè é ni aláìsàn máa fi mọ bó ṣe yẹ kó lò ó.

Ohun tí a ń fà símú, imú ló ń gbà wọlé. Oògùn yìí, ẹnu ló ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí oògùn mìíràn tó ni orúkọ yẹn. Fluticasone, sítẹ́róìdì (oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀) tó wà nínú ọ̀pọ̀ ike ásímà, òun náà ni wọ́n ń ṣe sínú ike tí a ń fín sí imú fún ẹni tó ń sín ṣáá tí imú rẹ̀ sì ń yún. Bí àwọn méjèèjì bá wà nílé kan náà, tí a sì pe méjèèjì ní ìfàsímú, báwo ni wọ́n ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Mo dábàá “àmísínú”, ohun tí a ń mí sínú. “Ìmísínú” ti sún mọ́ ìmísí jù.

“Àdàlù” kò ní pẹ́ lọ́rọ̀ mi: epo tí wọ́n bà jẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Àpòpọ̀ tó.

“Aláwẹ́ méjì” dùn létí ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ òun gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ohun tó bá ní awẹ́, a máa ń là á ni. Oògùn yìí kò ṣeé là fún olásímà. Ẹ wo ike tí salmeterol àti sítẹ́róìdì jọ wà nínú rẹ̀. Salmeterol ń dẹ iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká fún nǹkan bíi wákàtí 12, àmọ́ kì í wo wíwú tó wà nínú ọ̀nà náà. Sítẹ́róìdì ló ń ṣe ìyẹn. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá dúró ní 2003, olásímà tó lé ní 26,000 ló kópa. Wọ́n fi salmeterol kún ìtọ́jú àwọn kan, àwọn yòókù gba ayédèrú oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ó lé ní ìdajì wọn tí kì í lo sítẹ́róìdì àmísínú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 13 ni ásímà pa lára àwọn tó gba salmeterol, 3 lára àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ fi le pé olásímà kò gbọ́dọ̀ lò ó láìsí sítẹ́róìdì, tí ike kan ṣoṣo sì fi dára: kò sí bí aláìsàn ṣe lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Ní ti “aṣínà”, ẹ bá mi yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ páálí oògùn ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Aṣìnà ni ẹlòmíràn máa kà. “Alànà” kò ní wàhálà yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oògùn kan péré ló ń sọ, èyí tí ara ń mọ̀ kíá. Sítẹ́róìdì náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, torí òun ni aláìsàn máa ń pa tì nígbà tí ara bá ti tù ú. Mo rò “apawú” wò, mo sì jù ú nù: “pa” ń ṣèlérí ìyára, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni sítẹ́róìdì fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀. “Apẹ̀tùwú” ni mo fara mọ́. Díẹ̀díẹ̀ là ń pẹ̀tù sí nǹkan, a sì máa ń padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní orúkọ méjèèjì yìí, alànà àti apẹ̀tùwú, lọ́wọ́ lè sọ ohun tí “àpòpọ̀” nìkan kò lè sọ. Àpòpọ̀ tí wọ́n sábà máa kọ́kọ́ fún ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dí ní ọ̀nà èémí lè má ní sítẹ́róìdì rárá: alànà méjì tí irú wọn yàtọ̀ síra ni, nítorí sítẹ́róìdì máa ń fi kún ewu òtútù àyà fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àrùn náà ń dìde sí léraléra ni wọ́n sábà máa ń fi apẹ̀tùwú kún tiwọn, tó fi di àpòpọ̀ mẹ́ta.

Ẹnìkan dábàá pé ká kúkú pín wọn sí “oògùn ojoojúmọ́” àti “oògùn pàjáwìrì”. Ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ àpòpọ̀ budesonide (sítẹ́róìdì) pẹ̀lú formoterol (alànà) kò gbà fún un. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni formoterol ń la ọ̀nà, nítorí náà ìlànà 2019 ti GINA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà, gbà pé kí olásímà lo àpòpọ̀ sítẹ́róìdì àti formoterol nígbà tí èémí bá há, dípò salbutamol, alànà tó ń yára ṣiṣẹ́, nìkan. Ike kan náà lè jẹ́ ti ojoojúmọ́ àti ti pàjáwìrì. Ti salmeterol kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yá tó.

Ibi kan ṣoṣo ni mo ti gbà fún àwọn olùfẹ́ “fà”. Bí oògùn inú ike bá jẹ́ ìyẹ̀fun, a kì í rọra mí in. Tagbára tagbára la fi ń fà á látẹnu. Èyí tó ń tú bí ìfínfín ni a ń rọra mí sínú jinlẹ̀jinlẹ̀. Kí “àmísínú” jẹ́ orúkọ, kí ìwé ìlò sì kọ “fà á” síbi ìyẹ̀fun àti “mí in” síbi ìfínfín.