Kọ́píráìtì nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Olóòtú ìwé, Yábà

Tí ẹ bá ń mú ewì tàbí àwòrán ẹlòmíràn sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ ronú nípa kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí oníṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé sísàlẹ̀ ewì, ó dáa, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àṣẹ. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí àmì © wà. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wá lọ. Ẹ wo ojú ewé ìdúpẹ́ náà: bí àwọn tó ṣe ìwé náà bá yá àwòrán tí ẹ fẹ́ lò lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, wọn ò lè fún yín láṣẹ rẹ̀.

Nínú lẹ́tà, ẹ sọ àkọlé, ISBN (nọ́mbà ìdánimọ̀ ìwé), láti ìlà kelòó dé ìlà kelòó, ẹ̀dà mélòó lẹ máa tẹ̀, iye tí ẹ máa tà á, àti bóyá PDF máa wà. PDF yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àṣẹ ẹ̀dà 2,000 lórí bébà kò kan èyí tó ń kiri lórí WhatsApp àwọn òbí. Tí wọn ò bá sì fèsì, wọn ò tíì gbà nìyẹn o.

Olùkọ́, Akọka

Àfikún: "ẹ̀kọ́ la fẹ́ fi kọ́" nìkan kò tó. Òfin kọ́píráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ń wo ohun mẹ́rin: kí lẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo lohun tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó lára odindi, ṣé kò ní ba ọjà oníǹkan jẹ́. Ìlà 10 nínú ìwé olójú ewé 300 kéré. Ìlà 10 nínú ewì onílà 12 ńkọ́? Ẹ ti kó o tán. Odindi orí ìwé tí wọ́n fọ́tókọ́pì, tí wọ́n ń tà ní háńdáòtì lẹ́nu géètì, ọjà oníǹkan ló ń pa ní tààrà.

Ní ti iye ọdún tí kọ́píráìtì fi ń wà lórí ìwé, 70 lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ó di ìparí 2033. Ti Àjàyí Crowther, tó kú ní 1891, ti tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí olóòtú òde òní bá kọ sí i, tiẹ̀ ni.

Atẹ̀wé, Ṣómólú

Google kọ́ ló ni àwòrán tí ẹ rí níbẹ̀. Ẹ béèrè fáìlì gan-an lọ́wọ́ ẹni tó yà á pẹ̀lú àṣẹ, torí èyí tí ẹ wà jáde níbẹ̀ sábà máa ń kéré sí 300 dpi (iye tóótòòtó àwòrán nínú íǹṣì kan), á sì ṣú bàìbàì lórí bébà. Tó bá jẹ́ Creative Commons, ìyẹn láíṣẹ́ǹsì tí oníṣẹ́ fi ń gba gbogbo ènìyàn láyè láti lo iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn, ẹ kọ àkọlé, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti wá àti irú láíṣẹ́ǹsì. Tí ẹ bá rí NC (kì í ṣe fún òwò) lára rẹ̀, ẹ má fi sínú ìwé títà.

Ẹ parí gbogbo èyí kí pílétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tó jáde. Iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin, pílétì 4 ló wà fún ojú bébà kan, ojú ewé 8 sì lè wà lórí ojú bébà kan náà. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ bá yọ, pílétì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tún jáde. Bí wọ́n bá ti wá di ìwé náà, sítíkà funfun tí ẹ máa fi bo àwòrán náà ló kù, àwọn ọmọ á sì ṣí i wò.