Àríyá ìwọlé fún ọmọ mi: ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kò bójú mu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀mídé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń ká mi lára, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé mọ́ ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi ni àkọ́bí mi ọkùnrin ti ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe àríyá fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun kí wọ́n tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án yìí, mo sì ti ṣèlérí fún un. Mo ti ra bàlúùnù àti fìlà onípépà, mo ti bá ẹni tí yóò ṣe kéèkì sọ̀rọ̀ ní Arówómọ́lẹ̀, mo sì ti san àsansílẹ̀ fún un. Àwọ̀ búlúù àti funfun ni ọmọ náà mú, àwòrán báàgì ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì wà lórí kéèkì náà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó wá fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní kúlà ńlá mẹ́ta, ó ní ìkòkò òde, ó ní ààrò onírin, gbogbo wọn sì wà nílé rẹ̀ ní Òkè-Ẹlẹ́rìn láìlò. Mo lọ kí i, mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó jọ̀wọ́ yá mi ní kúlà kan àti ìkòkò kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun kò ní yá mi, pé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kò bójú mu rárá. Ojú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́! Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, èmi ni mo jókòó ti iná láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, tí epo fi ta sí aṣọ ẹbí tí mo san owó rẹ̀ pé, tí n kò sì sọ nǹkan kan. Ọkọ mi, tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìta ìlú, ní kí n fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, pé òun kò fẹ́ ariwo.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni mo lè sè tí àwọn ọmọ yóò jẹ tí kò ní gbówó lórí jù, èsì wo ni mo sì lè fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí kò ní jọ àfojúdi?

Alásè Táákì

Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó jẹ́ ti ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ kúlà tán, ẹ kò sọ iye ọmọ tí ẹ pè, ẹ kò sọ ọjọ́, ẹ kò sọ ibi tí ẹ ó ti ṣe é, ẹ kò sì sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ yín. Kóńgò ìrẹsì kan máa ń tó bí ọmọ mẹ́wàá sí méjìlá tí kò tíì wọ girama, bí ẹyin tàbí ẹran bá wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi púfù-púfù àti ṣin-ṣin pàdé wọn, nítorí ọmọ tí ó bá ti jẹ ìpanu kì í jẹ ìrẹsì púpọ̀. Ẹ fi ìṣápá pupa, atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó se sóbò dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ jọ̀wọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ se ìrẹsì, ẹ má ṣe sè é mọ́jú.

Ìyá Ìbejì

Èmi ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá fún àwọn ìbejì mi, òjò ni ó sì ṣe àlejò wa. Oṣù Kẹjọ ni òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní ìlú wa. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ó máa ń padà wá pẹ̀lú agbára. Atẹ́gùn gbé kánópì, gbogbo ọmọ sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ń pín oúnjẹ lórí àkàsọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ọmọ kan sọnù lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ṣì ń bi mí léèrè rẹ̀ títí di òní bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, bí ẹni pé èmi ni mo wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ wá ibi tí ó ní òrùlé. Bí ó bá sì jẹ́ dandan kí ẹ yá kánópì, ẹ má mú ọjọ́ Sátidé, nítorí òkú àti ìgbéyàwó ni àwọn oníkánópì ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà, iye tí wọ́n bá sì pè ni ẹ ó san. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ló dára jù.

Ọmọ Sábó

Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, kì í ṣe gbogbo wa ni à ń lọ sí ìsìn. Àwọn ọmọ tiwa máa ń lọ sí ilé-kéú ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn kì í sì í dé títí oòrùn yóò fi wọ àtàrí. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé, kí ni ó dé tí kò lè jẹ́ Ọjọ́rú?

Ìyá Ìbejì

Ọjọ́rú kẹ̀? Ta ni yóò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láti mú ọmọ wá? N kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní tèmi, ọ̀rọ̀ kánópì ni mo ń sọ.

Ìyá Ayọ̀mídé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Sátidé tí ó ṣáájú ìwọlé ni, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè, kò sì ṣeé yí padà mọ́. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni mo pè, wọ́n tó ọgbọ̀n, àgbàlá ilé wa ni a ó sì ti ṣe é. Ní ti owó, owó wà nílẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fi fóònù pe ìyá ọkọ mi, tí màmá sì ti ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn gbọ́. Ẹ kò tíì sọ èsì tí màá fún un.

Bàbá Kẹ́hìndé

Ìyàwó wa, èsì tí o máa fún un ni “ẹ ṣé, mà”. Ẹni tí ó ní kúlà ni ó ni í, ó lè yá ni, ó sì lè má yá ni. Ọ̀rọ̀ àríyá ìwọlé yìí gan-an sì ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwa ń wọlé, ṣòkòtò tí a gé láti ara ti ẹ̀gbọ́n ni a ń wọ̀, bàbá wa a sì fún wa ní ìwé àti pẹ́ńsù kan pẹ̀lú ìkìlọ̀ gidi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi àgbà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kọjá lórí kí wọ́n fi kan etí kejì, kí olùkọ́ lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà tó. Kò sí kéèkì níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì kàwé yanjú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré díẹ̀. Ìyá Ayọ̀mídé, mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí bàlúùnù bá bẹ́, ẹ ṣa gbogbo àjákù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ọmọ kékeré bá fi í sẹ́nu, ó lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, kí ó sì dí èémí rẹ̀. Bí àwọn àbúrò tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn wá, ẹ má fún wọn ní ẹ̀pà. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan bí oúnjẹ kan bá wà tí kò bá ọmọ rẹ̀ lára mu, kí ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa ọmọ tí ó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ohun tí Alásè sọ nípa ìrẹsì ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà lára ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, tí ìrẹsì náà bá sì wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú kúlà láti òru, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu oró sínú oúnjẹ. Bí ẹ bá tún gbé e kaná, oró náà kì í lọ, èébì ni àwọn ọmọ yóò fi gbé e jáde.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì tún padà kà á. Obìnrin tí o sin nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò lè ṣàdédé ní òun kò yá ọ ní kúlà. O ní ó sọ pé kò bójú mu, o kò sì sọ ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ọkọ rẹ tún ń bi ọ́ pé ṣé òótọ́ ni. Òótọ́ kí ni? Ọ̀rọ̀ kan wà tí o kò tíì sọ, a kò sì lè mọ èsì tí o máa fún un bí a kò bá mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ayọ̀mídé

Mà, n kò fi nǹkan kan pamọ́, mo kàn rò pé kò kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí Ayọ̀mídé ń lọ ti fi owó kún owó sáà tuntun, agbára wa kò sì gbé e mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní àdúgbò wa ni yóò lọ ní sáà yìí. Ọmọ náà kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ kí ó rí gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ìdùnnú, kí n wá sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n sọ fún ọmọ náà kí n tó dáná, pé bí n kò bá sọ ọ́, òun kò ní lọ́wọ́ sí i. Ṣé ó wá yẹ kí ó torí ìyẹn wọ́ mi nílẹ̀ lójú ọmọ ọ̀dọ̀?

Ìyá Ìbejì

Háà! Ẹ fẹ́ pe ọgbọ̀n ọmọ jọ kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ ibi tí àwọn yóò jókòó sí ní kíláàsì tuntun, nígbà tí ẹ̀yin mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀? Òbí kan nínú wọn yóò ti gbọ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹ kéèkì.

Ọmọ Sábó

Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tí ó ń wá bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe rẹ́rìn-ín ni. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é.

Bàbá Kẹ́hìndé

Mo yí ohùn padà lórí kéèkì, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni mo lọ, ibẹ̀ ni àwọn dókítà ìlú yìí lọ.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ọ̀fẹ́ náà ń náni lówó. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, bàtà, ìwé, owó èyí, owó tọ̀hún.

Bàbá Kẹ́hìndé

Láti ọdún 2019 ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti fagi lé 3,000 náírà tí àwọn ọmọ girama ń san tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Girama ni ìyẹn, Bàbá. Pírámárì ni ọmọ yìí wà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí a gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Òfin UBE ti ọdún 2004, èyí tí ó wà fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo ọmọ, sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba di ọ̀fẹ́, kò sì sí ìtìjú nínú kí a lò ó. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n mú wá sí kíláàsì mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé láìjẹ́ pé ó mọ ibi tí òun ń lọ. Ó pẹ́ kí ó tó gba òbí rẹ̀ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ó ń rántí pé wọ́n rẹ́rìn-ín fún òun ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Sọ fún un báyìí, kí o jẹ́ kí ó sunkún, kí o sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan àwọn ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ dágbére fún. Pe àwọn ọmọ àdúgbò tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà mọ́ wọn, kí ó lè ní ojú tí ó mọ̀ nígbà tí ó bá dé orí ìlà àpéjọ. Àwọn ọmọ àdúgbò kò ní wá kánópì, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò gbà wọ́n bí òjò bá dé.

Mo tún fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan: ṣé o ti gba káàdì èsì rẹ̀ àti ìwé ìfisílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yóò béèrè wọn pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí. Bí gbèsè bá wà nílẹ̀, owó àríyá ni kí o kọ́kọ́ fi san án.

Ìyá Ayọ̀mídé

Mo ti gbọ́ tiyín, mà. N kò ní fagi lé àríyá náà, nítorí mo ti ṣèlérí, ẹni tí ó ń ṣe kéèkì kò sì ní dá owó padà. Bàbá rẹ̀ yóò dé ní Ọjọ́bọ̀, àwa méjèèjì ni a ó jọ sọ fún un. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n ó pè, mẹ́fà nínú wọn yóò jẹ́ ọmọ àdúgbò. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ì bá pè mí sí yàrá kí ó tó sọ̀rọ̀ sí mi, n kò ní yí ìyẹn padà. Alásè, èló ni ẹ ń yá ni ní kúlà?

Alásè Táákì

Kóńgò kan àbọ̀ ni kí ẹ sè, kúlà kékeré yóò gbà á, ẹ kò nílò ìkòkò òde mọ́. Ẹ wá gbé kúlà náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, n kò ní gba owó lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ó fi ìdógò sílẹ̀, ẹ ó sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá a padà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ìyá Ayọ̀mídé, o kò dáhùn ọ̀rọ̀ káàdì èsì.

Ìyá Ayọ̀mídé

Ẹ má bínú, mà. N ó pè yín lórí fóònù.