Àbọ̀ rèé o: ẹni tó ń fi iṣẹ́ mi ṣe tiẹ̀ níwájú ọ̀gá

Ẹ ṣé o fún ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ gbà mí. Tẹ́ ẹ bá rántí, ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń gbé kóòdù kọ̀ǹpútà tí mo bá kọ lọ bá ọ̀gá bíi tiẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ìméèlì ṣókí tẹ́ ẹ ní kí n máa kọ sọ́gàá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ohun tí mo ṣe, ohun tó kù, pẹ̀lú línkì commit (ìyẹn àkọsílẹ̀ àyípadà tí mo ṣe sí kóòdù) tórúkọ mi wà lórí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀gá bi ẹni yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa kóòdù náà ní mítìn-ìn, ẹnu ẹ̀ wọhò, lọ̀gá bá yíjú sí mi. Ti ìmọ̀ràn yín pé kí n pè é sí kọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, mo pè é, ẹ̀rín ló ń rín, àmọ́ ó ti dín ìwà yẹn kù díẹ̀. Wọn ò tíì sọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró ṣá, mo ṣì ń tún CV mi ṣe lálaalẹ́.