Báwo la ṣe ń mọ̀ pé òjò ibì kan ti yí padà lóòótọ́?

Àkọ́rọ̀81
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ẹni tó fẹ́ fi ìmọ̀ ìyípadà ojú-ọjọ́ ṣiṣẹ́ jẹ, tí ìwé òjò ojoojúmọ́ ibùdó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1981 dé 2020, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe kó tó lè sọ pé òjò àkọ́rọ̀ ti ń pẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ? Ṣé kó kàn fa ìlà sórí gíráàfù ni?

Atọ́jú-Òṣùwọ̀n
Ẹ má tíì fa ìlà kankan. Inú ìwé òjò yẹn gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Òdo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, òdo ni. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lọ wo òṣùwọ̀n, àlàfo ni. Àwọn tó ń tẹ ìwé sínú kọ̀ǹpútà a máa fi òdo dí àlàfo, ọ̀dá tí kò ṣẹlẹ̀ á sì wọ inú ìwé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i mú: ẹ ka iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní Àìkú, ní Ajé, títí dé Àbámẹ́ta, fún gbogbo ọdún 40 náà. Òjò kò mọ Àìkú. Bí ti Àìkú bá kéré gan-an, tí òjò Ajé sì ń tóbi, a jẹ́ pé wọn kì í débẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, omi ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n kọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ béèrè òṣùwọ̀n náà pẹ̀lú. Àrọ tó fẹ̀ ní ínṣì 5 ń gba mílílítà 12.7 fún mílímítà òjò kan, ti ínṣì 8 ń gba 32.4. Ìgò tí wọ́n fi ń wọn omi wọn kò jọra. Bí ìgò ti ínṣì 5 bá fọ́, tí wọ́n fi ti ínṣì 8 dípò, òjò mílímítà 50 á di nǹkan bí 20 nínú ìwé. Ẹ wo igi tó wà nítòsí òṣùwọ̀n pẹ̀lú: ó kéré tán, kí ó jìnnà sí òṣùwọ̀n tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Máńgòrò tó ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó á máa dí òjò lọ́nà lọ́dọọdún, ẹ ó sì rò pé òjò ló ń dín.

Ẹ̀ẹ̀rùn Kékeré
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ní ti àkọ́rọ̀, òjò ńlá kan ṣoṣo kò tó. Ìlànà kan tí wọ́n ń lò dáadáa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà, kẹ́ ẹ wá ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òjò ọjọ́ kan sí mẹ́ta pé mílímítà 20, tí ọ̀dá tó ju ọjọ́ 7 lọ kò sì sí nínú ọjọ́ 30 tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń lo ọ̀dá ọjọ́ 10 dípò 7. Ẹ ka ọjọ́ tí òjò rẹ̀ kò tó mílímítà kan sí ọjọ́ gbígbẹ. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ̀dá kúrò nínú ìlànà, òjò ẹ̀tàn lẹ máa mú, èyí tó ń jẹ́ kí àgbàdo hù tán kó tún rọ.

Ẹ sọ ọjọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà (ọjọ́ 10 oṣù Igbe jẹ́ 100, bí ọdún náà kò bá ní ọjọ́ 366), kẹ́ ẹ fi Mann-Kendall (ìdánwò ìṣirò tó ń sọ bóyá ìyípadà kan wà lóòótọ́) àti Sen's slope (tó ń sọ bó ṣe pọ̀ tó lọ́dún) dán an wò.

Àmọ́ 1981 yẹn ń kọ mí lóminú. Ọdún ọ̀dá tó le ni 1983, iná jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ. Bí ìwé yín bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, àpapọ̀ òjò á dà bíi pé ó ń pọ̀ sí i. Ẹ wá ìwé àwọn ọdún 1950 àti 1960. CHIRPS náà, ìyẹn dátà òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì ṣírò, 1981 ló ti bẹ̀rẹ̀, dátà ibùdó sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ibùdó yín. ERA5, dátà ojú-ọjọ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n fi módẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà ṣírò, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1940.

Àkọ́rọ̀81
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bó bá wá jáde pé ó ń pẹ́, ṣé èéfín tí aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́ ló fà á?

Atọ́jú-Òṣùwọ̀n
Ibùdó kan kò lè dáhùn ìyẹn. Wọ́n máa ń fi módẹ́ẹ̀lì ṣe ayé méjì, ọ̀kan pẹ̀lú èéfín wa, èkejì láìsí i, kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Bẹ́ẹ̀ ni World Weather Attribution, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wádìí ipa ìgbóná ayé, ṣe lẹ́yìn ìkún-omi 2022 ní Nàìjíríà àti agbègbè rẹ̀: wọ́n rí i pé ìgbóná ayé mú kí irú òjò àsìkò yẹn ní agbègbè Adágún Chad túbọ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80. Ìdí kan ni pé afẹ́fẹ́ tó fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i lè gba ooru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i.

Fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, ẹ wo ètò WASCAL (àjọ ìwádìí ojú-ọjọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ́ Python, èdè kọ̀ǹpútà, àti xarray, irinṣẹ́ inú rẹ̀ fún dátà ojú-ọjọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ibùdó náà lọ, kẹ́ ẹ fi tépù wọn ẹnu àrọ rẹ̀.