Ilẹ̀ wo ló wà lórí omi? Ìdí tí "ìsomọ́lẹ̀" ò fi lè jẹ́ bonding

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa dá lábàá, pé ká máa pe grounding (fífa wáyà iná sílẹ̀) àti bonding (fífi wáyà so àwọn irin ọkọ̀ pọ̀) inú ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì ní "ìsomọ́lẹ̀", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì, torí pé ibì kan náà ni gbogbo wáyà wọ̀nyẹn ń já sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, n ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe, mo sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí ò ṣe é di mú lè dá sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọmọṣẹ́ mi kan ló là mí lójú. Mo ní kó lọ so ẹnu páìpù idẹ tó gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sínú omi mọ́lẹ̀, ló bá dúró, ó ní "Ọ̀gá, ilẹ̀ wo? Ṣebí orí omi la wà." Mo la ẹnu kí n dá a lóhùn, n ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ná. Tí a bá ní a so nǹkan mọ́lẹ̀, a ò fẹ́ kó lọ ni, ẹran la ń so mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wáyà yìí dẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ọ̀nà ló ń là fún iná kó lè rí ibi gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Tìyẹn tún kéré sí ti "ilẹ̀" tó wà nídìí ẹ̀, torí iná ò wá ilẹ̀ kankan o, ibi tó ti wá ló ń padà sí, iná bátìrì á padà sí bátìrì, èyí tí a fà wọ ọkọ̀ láti èbúté á padà sí tiransifọ́mà tó ti wá, ilẹ̀ tàbí omi kàn jẹ́ ojú ọ̀nà tó lè gbà tí ò bá rí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń pè é ní ground, wọ́n ń pè é ní earth nÍlú Ọba, òun làwọn oníná wa sọ di "ẹ́ẹ̀tì". Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì ní Erde fún èyí tó kan ilẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ní Masse fún ara irin ẹ́ńjìnnì tàbí ti ọkọ̀ tí iná ń gbà padà, Faransé náà ní terre àti masse. Wọn ò pa wọ́n pọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan la fẹ́ wò?

Iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni mo rí níbẹ̀, mẹ́ta ni mo rí. Wáyà nẹ́gátíìfù bátìrì ń gbé iná ní gbogbo ìgbà tí gílóòbù bá tàn tàbí tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Iná lọ, iná bọ̀. Wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ nìyẹn, ọmọdé gan-an máa yé.

Wáyà aláwọ̀ ewé ti iná èbúté ò dà bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀ tí ò gbé nǹkan kan, àfi ọjọ́ tí iná bá jò sára irin. Àǹtí wa pè é ní "wáyà ààbò", ìtumọ̀ ẹ̀ dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí àmì, "waya abo", ṣé àbọ̀ ni àbí ààbò? Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nípa àwọ̀ wáyà rí, ABYC, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà fún ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ní Amẹ́ríkà, gba dúdú tàbí yẹ́lò fún nẹ́gátíìfù bátìrì, àmọ́ yẹ́lò ló dáa jù torí dúdú ni wáyà láìfù (èyí tó ń gbé iná wọlé) iná èbúté lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè kú. Torí náà "wáyà ẹ̀ṣọ́" ni mo fara mọ́. Tí wáyà ẹ̀ṣọ́ bá já, tí iná sì jò, inú omi ló máa gbà wá ọ̀nà padà sí èbúté. Tó bá jẹ́ omi tí ò níyọ̀, ara ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rọrùn fún iná láti gbà ju omi náà lọ, nǹkan bíi 10 mA (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún áńpù) péré ti tó láti mú kí iṣan ẹni má gbọ́ràn mọ́, onítọ̀hún á sì rì. Ẹni tó bá gbà pé "ilẹ̀" ni iná ń wá ò lè lóye ewu yìí láéláé.

Bonding ló wá kù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ẹnu páìpù, ìtọ́kọ̀, ọ̀pá tó ń yí propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi) àti ara ẹ́ńjìnnì wà lọ́gbọọgba, kí ìyàtọ̀ agbára iná (volt) kankan má sí láàárín wọn. Àmọ́ irin oríṣiríṣi tí a so pọ̀ tàbí tó fara kan ara wọn nínú omi òkun ti di bátìrì nìyẹn, omi á sì jẹ èyí tó máa ń tètè jẹrà jù láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń so síńkì mọ́ wọn. "Ìsomọ́ra" ni mo mú wá. Ẹnì kan ní "ìsokọ́ra", ṣùgbọ́n àwọn oníkọ̀ǹpútà ti gba ìyẹn. Ẹlòmíì ní "ìdọ́gba", àbájáde iṣẹ́ ló sọ, kò sọ iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ọ̀gá ò lè ní "lọ dọ́gba páìpù yẹn", àmọ́ ó lè ní "lọ so wọ́n mọ́ra".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ "irin arúbọ" kúrò fún síńkì tí a so mọ́ wọn kí omi lè jẹ ẹ́ dípò idẹ. Arúbọ lẹni tó ń rú ẹbọ, síńkì ni ẹbọ gangan. Ẹ pè é ní irin ẹbọ tàbí síńkì afarajìn. Láti 1824 ni Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ti ń fi irú ẹ̀ dáàbò bo bàbà abẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ọdún 10 lẹ́yìn náà ni Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tiẹ̀, ń wá orúkọ fún ibi méjì tí iná ń gbà wọ inú omi àti jáde, ó kọ̀wé sí ọ̀mọ̀wé kan, Whewell, ìyẹn sì fún un ní anode àti cathode. "Ọ̀nà òkè" àti "ọ̀nà ìsàlẹ̀" ni wọ́n túmọ̀ sí lédè Gíríìkì. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà làwọn náà rí.

Ibi tí mo ti lè gba ti ẹ̀gbọ́n díẹ̀ ni ti àrá. Ilẹ̀ ni àrá ń wá ní tiẹ̀, omi òkun ló sì dúró fún ilẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kan àwo irin tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó mọ́ abẹ́ ọkọ̀. "Ìfàrásómi" (fífa àrá sínú omi) ló wá sí mi lọ́kàn fún un. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.