Ọmọ mi wà lórí ìlà 9: ṣé kí n bẹ̀rù?

Ìyá Ìkókó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wọn ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù 4, nọ́ọ̀sì fi àmì sórí ìlà 9 nínú ṣáàtì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ó ní kò séwu. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọmú nìkan ló ń mu. Ṣé kí n máa fi mílíìkì inú agolo kún un ni?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. 9 yẹn kì í ṣe máàkì ìdánwò. Bí wọ́n bá to 100 ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ láti orí ẹni tó fúyẹ́ jù, nǹkan bí 9 ló máa ṣáájú tìrẹ. Ọmọ tára rẹ̀ le koko lè wà níbẹ̀. Ibi tí àmì ń dorí kọ ni kó o máa wò. Ibo ló wà nígbà tó o bí i? Bó bá jẹ́ ìlà 9 náà ló ń bá bọ̀, bó ṣe ń dàgbà nìyẹn. Èyí tó wà lórí 75 ní oṣù 2, tó wá já sí 25 ní oṣù 5, òun ni màá sáré gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí 25 tilẹ̀ ju 9 lọ.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ọmọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ṣáàtì yìí?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006, ọmọ Ghana, Íńdíà, Oman, Brazil, Norway àti Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀n. Ọmọ tó mu ọmú, tí ìyá rẹ̀ kì í mu sìgá, tó rí ìtọ́jú. Gíga wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Torí náà, bí ìlà ọmọ bá ń já, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé bí ìran wa ṣe rí nìyẹn.

Àbúrò, ọ̀rọ̀ mílíìkì rẹ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ inú àwọn ṣáàtì àtijọ́, mílíìkì agolo ni wọ́n mu. Ọmọ ọmú máa ń yára sanra ní oṣù 2 sí 3 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó máa ń rọra ṣe é, ni wọ́n bá ń rò pé ó ń rù. Má fi nǹkan kan kún un bí nọ́ọ̀sì ò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ aṣọ àti ìlédìí kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, orí òṣùwọ̀n kan náà bó bá ṣeé ṣe. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Èmi bí tèmi nígbà tí oyún wà ní ọ̀sẹ̀ 34. Ọjọ́ wo ni kí n fi kà á?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n ń ka oyún sí, torí náà yọ ọ̀sẹ̀ 6 tó kù kúrò nínú ọjọ́ orí wọn nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá ń fi àmì sí i, títí wọ́n á fi pé ọdún 2. Bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé, rán an létí.

Ìyá Ìkókó: Mo ti yẹ káàdì wò, ìlà 9 ló wà látilẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Wọ́n tún wọn orí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n lè mọ bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Àmì ti orí náà, bó bá ṣàdédé ń gòkè kọjá ìlà, béèrè. Àmọ́ ṣáàtì ò lè sọ bóyá ọmọ ń gbọ́ràn tàbí ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Ìwọ lo máa sọ ìyẹn fún wọn.