Àbọ̀ lórí inú tó ń run mí: mo ti mọ ohun tó ń ṣe mí

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ìdí tí inú fi ń run mí, tí mò ń ṣu gbuuru lónìí, tí n kò ní rí ìgbẹ́ yà lọ́la.

IBS ni, ìyẹn àìsàn tí ìfun kì í fi í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí inú á sì máa run èèyàn, láìsí ọgbẹ́ nínú ìfun. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ mi wò, kò sì rí ọgbẹ́ kankan. Ó ní ọpọlọ àti ìfun mi ni kò gbọ́ ara wọn yé: gáàsì díẹ̀ tí ẹlòmíràn ò ní mọ̀ lára, ìrora gidi ni fún mi. Omi bọ́ lójú mi, torí ẹnìkan ti sọ fún mi rí pé mò ń rò ó ni.

Mo wá gbìyànjú ètò oúnjẹ FODMAP (FODMAP ni àwọn irú ṣúgà inú oúnjẹ tí kì í dà dáadáa nínú ìfun, tó sì ń fa gáàsì), ètò tí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà gbé jáde. Mo yẹra fún àlùbọ́sà, aáyù, àlìkámà, ẹ̀wà àti mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ 4, mo sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlùbọ́sà àti aáyù ló ń dà mí láàmú. Mílíìkì ò mọwọ́ mẹsẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yẹra fún gbogbo wọn títí lọ, ara nílò wọn. Psyllium (èèpo irúgbìn kan tó ní fáíbà) náà ràn mí lọ́wọ́ gan-an, èèpo àlìkámà ló ń mú inú mi wú.

Tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, inú rírun náà ṣì máa ń yọjú, àmọ́ mo ti ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, IBS kì í fa ìyẹn. Ẹ tètè lọ rí dókítà.

Mo ti rí ìdáhùn mi, mo pa ìbéèrè náà dé.